Ọwọ́ tó ń tọ́jú ọkàn ọ̀dọ́: láti Philadelphia dé Monrovia

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè tún ènìyàn ṣe. Èyí tó ṣòro ni bí a ṣe lè kọ́ ènìyàn ní ọ̀rọ̀ tó ń wo ọkàn sàn, kí a sì mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní àwọn ọdún 1960, Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé àwọn tí ìsoríkọ́ ń dà láàmú a máa gba èrò kan gbọ́ láìwádìí: pé àwọn kò wúlò, pé ọ̀la kò lè dára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ẹ̀rí tí wọ́n ní. Bí èrò bá yí padà, ìwà a sì tẹ̀lé e. Ní 1980, òun àti Jeffrey Young ṣe òṣùwọ̀n fún olùtọ́jú fúnra rẹ̀. Nǹkan mọ́kànlá ni wọ́n ń wò: bí ó ṣe ń gbọ́ni yé, bí ó ṣe ń lo àkókò, bí ó ṣe ń fi ìbéèrè ṣamọ̀nà aláìsàn títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi rí òtítọ́.

Nígbà tí ìtọ́jú yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́, àríyànjiyàn dé. Ní 2004, èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀dọ́ 439 tí ìsoríkọ́ ń bá jà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ara 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oògùn pẹ̀lú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ló yá gágá. Ti oògùn nìkan jẹ́ 61, ti ọ̀rọ̀ nìkan kò ju 43 lọ. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ kò lágbára. Àwọn mìíràn bèèrè bóyá bí wọ́n ṣe ṣe ìtọ́jú náà ló kù díẹ̀ káàtó. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ 36, ọ̀rọ̀ nìkan àti oògùn nìkan ti dọ́gba ní 81.

Ṣùgbọ́n Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, ni ìtàn náà ti gbé ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù wá. Ogun abẹ́lé parí níbẹ̀ ní 2003, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin sílẹ̀ sínú olè jíjà àti òwò oògùn olóró. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ NEPI àti àwọn onímọ̀, lára wọn Christopher Blattman, kó 999 nínú wọn jọ, wọ́n sì fi kèké pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan gba ìtọ́jú ọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn kan gba igba dọ́là, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn yòókù kò gba nǹkan kan. Àwọn tó ń darí ìjókòó kì í ṣe dókítà. Àwọn tó ti jagun rí tàbí tó ti sùn sí ìgboro rí ló wà nínú wọn. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà láti kó ara wọn níjàánu bí inú bá ń bí wọn, láti gé irun, láti wọ aṣọ tó mọ́, kí wọ́n sì wọ báǹkì láìbẹ̀rù pé a ó lé wọn jáde.

Lẹ́yìn ọdún kan, ipa ọ̀rọ̀ nìkan ti ń pòórá, ti owó nìkan náà kò dúró. Ti àwọn tó gba méjèèjì ló dúró. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìwà ọ̀daràn wọn ṣì fi nǹkan bí ìdajì dín sí ti àwọn tí kò gba nǹkan kan.

Ìwádìí náà kò fi olùdarí kan wé èkejì, nítorí náà a kò lè sọ pé ọgbọ́n wọn nìkan ló ṣiṣẹ́ náà. Owó kó ipa tirẹ̀. Síbẹ̀, ó fi hàn pé kì í ṣe ìwé ẹ̀rí dókítà nìkan ló lè sọ ènìyàn di ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò kàn mú ẹnikẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ: wọ́n kọ́ wọn, wọ́n sì fún wọn ní ìlànà tí wọn yóò tẹ̀lé.

Àwa a máa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kí ó kọ́ ọmọ náà ńkọ́, yálà olùkọ́ ni, tàbí pásítọ̀, tàbí àfáà? Ta ló kọ́ òun, ta ló sì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò?