Igbó Ọba Fazao-Malfakassa Lẹ́yìn Àádọ́ta Ọdún

Bí èèyàn bá wọkọ̀ ní Atakpamé lóṣù Ṣẹ́rẹ́, tó kọjú sí àríwá, tó gba Anié àti Blitta kọjá, ọyẹ́ á ti bẹ́ ẹ létè kó tó dé Sotouboua. Koríko ẹ̀bá ọ̀nà ti gbẹ, ojú ọ̀run funfun bí omi ẹfun. Lápá òsì, òkè nà gbọọrọ. Ibẹ̀ ni Fazao-Malfakassa wà, igbó ọba tó tóbi jù ní Togo. Ní 2025 ló pé àádọ́ta ọdún tó ti di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè.

Igbó méjì ni tẹ́lẹ̀. Ìjọba Faransé ló kọ́kọ́ pààlà sí wọn: Malfakassa ní 1951, Fazao ní 1954. Togo gbòmìnira ní 1960, nígbà tó sì di 1975, ìjọba so méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 192,000 hẹ́kítà. Erin ń bẹ níbẹ̀, ẹfọ̀n ń bẹ, ọ̀bọ ń bẹ.

Àmọ́ ilẹ̀ náà ní onílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn pàdánù oko. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń lé bí olè. Nígbà tí rògbòdìyàn òṣèlú bẹ́ sílẹ̀ ní Togo ní nǹkan bí 1990, inú tó ti ń bí wọn bú jáde. Wọ́n ya wọ àwọn igbó ọba, wọ́n dáko, wọ́n pa ẹran nípakúpa. Igbó ọba Kéran, tó wà lápá àríwá lọ́hùn-ún, bàjẹ́ gidigidi. Fazao rọ́wọ́ mú jù ú lọ: ní 1990 yẹn ni àjọ Franz Weber láti Switzerland gba ìtọ́jú rẹ̀, ó sì di 2015 kí wọ́n tó dá a padà fún ìjọba.

Ìgbà ọyẹ́ ni iṣẹ́ aṣọ́gbó le jù. Odò á fà títí á fi ku kòtò kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ẹran ń kóra jọ sí, ibẹ̀ náà ni ọdẹ olè ń ba sí. Iná tún wá burú jù ú lọ. Nítorí náà, kí koríko tó gbẹ tán, nígbà tí ìrì ṣì wà nídìí rẹ̀, wọ́n á ti tiná bọ̀ ọ́ níwọ̀nba. Iná yẹn á rìn jẹ́jẹ́, á jẹ koríko, á fi igi sílẹ̀. Bí wọn ò bá tètè ṣe é, iná oṣù Èrèlè á gun orí igi. Ọgbọ́n àgbà ọdẹ ni. Àwọn tí a lé jáde mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àwa Ifẹ̀ Atakpamé, tí àwọn baba wa ti Ilé-Ifẹ̀ wá, mọ ohun tó ń jẹ́ igbó àìwọ̀. Kò sí ṣọ́jà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ará ìlú ló fi èèwọ̀ dè é, àwọn náà ló ń ṣọ́ ọ. Bó ṣe yẹ kí Fazao rí nìyẹn. Kí ìjọba fún àwọn abúlé tó yí i ká níṣẹ́ àti ìpín nínú èrè rẹ̀. Kí àwa arìnrìn-àjò náà ṣe tiwa: bí wọ́n bá na ẹran ìgbẹ́ sí ọ lẹ́bàá títì, jọ̀ọ́, má rà á.