Omi Kì í Kún Kó Bo Ẹja Lójú

Àwọn àgbà ní omi kì í kún kó bo ẹja lójú. Àdúrà ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe, pé wàhálà ayé kò ní borí ẹni. Ará Malali ní ìlú Kàdúná kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀: bí Odò Kàdúná bá kún àkúnya lásìkò òjò, ọmọ ènìyàn ló ń kó ẹrù sá, ẹja ń jayé orí rẹ̀ nísàlẹ̀. Àmọ́ kíkún omi ni òwe náà sọ, kò sọ̀rọ̀ gbígbóná rẹ̀.

Ẹ wo ẹja Titus, tí wọ́n ń gbé jáde látinú yìnyín ní Malali bí wọ́n ṣe ń gbé e ní Ìbàdàn. Àríwá òkun Àtìláńtíìkì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ìwọ̀-oòrùn Ireland wà lára ibi tó ti ń yé ẹyin, lẹ́yìn náà ni yóò wá oúnjẹ lọ síhà Norway. Kó tó di 2006, apẹja Iceland kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ní 2008, wọ́n pa ju 100,000 tọ́ọ̀nù lọ. Nígbà tó fi máa di 2014, ó ti dé Greenland.

Omi tó ń móoru ló ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé òun nìkan ló lé wọn lọ. Ọmọ Titus tí wọ́n bí ní 2002, 2005 àti 2006 pọ̀ jọjọ. Ṣàwà sì wà nínú òkun kan náà, kòkòrò omi tín-ín-tìn-tín kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Kódà, Titus a máa gbé ọmọ ṣàwà mì. Láàárín 2005 sí 2013, bí ẹ bá mú Titus tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ti ẹ̀yìn ń fúyẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Ẹnu ti pọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ta ni ebi ń pa tí yóò jókòó sílé nígbà tí ọ̀nà ti là?

Etí òkun tiwa náà ti rí irú rẹ̀. Ní Ghana àti Côte d'Ivoire, láti nǹkan bí oṣù keje sí ìkẹsàn-án, omi tútù máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ òkun, oúnjẹ ẹja a sì pọ̀. Ọdún tí kò bá rú dáadáa, ebi ni. Ní 1972, wọ́n pa sardinella, ìbátan ṣàwà, ní àpapọ̀jù, kò sì pẹ́ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni triggerfish, ẹja aláwọ líle tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, gba òkun láti Ghana dé Senegal. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi ń parí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, sardinella sì ti padà.

Ní ti Titus, ọwọ́ ènìyàn ló burú jù. Ẹja ti ré ààlà kọjá, àdéhùn kò tètè tẹ̀ lé e. Norway, Iceland, Faroe, Bìrìtéènì àti Ẹgbẹ́ Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ọdún ni kálukú fi gé ìpín tó wù ú, tí àpapọ̀ rẹ̀ sì ju iye tí ICES, àjọ onímọ̀ tó ń bá wọn ṣírò ẹja, ní kí wọ́n pa. Iye tí àjọ náà fọwọ́ sí fún 2026 fi ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti 2025. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra Titus ní Malali, bí owó rẹ̀ bá tún gun òkè, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá ẹlẹ́ja àti dọ́là; ẹja náà ló ń dín kù.