Ọmọlangidi Tó Kọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì Níṣẹ́

Lọ́dún 1911, ọmọlangidi kan tó tóbi tó àgbàlagbà dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti Hartford Hospital, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, Amẹ́ríkà. Lauder Sutherland, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, ló ní kí wọ́n ṣe é. Martha Jenks Chase, tó ń fi aṣọ ṣe ọmọlangidi fáwọn ọmọdé ní ìlú Pawtucket, ló gba iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọmọlangidi náà ní Mrs. Chase.

Orúnkún rẹ̀ ṣeé ká, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ náà ṣeé ká. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yí i lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wọṣọ fún un. Lọ́dún 1914, wọ́n ṣe irú rẹ̀ mìíràn tó ní ibi tí wọ́n lè gún lábẹ́rẹ́ lápá, tó sì ní ohun tó ń gba omi dúró nínú. Àǹfààní ńlá lèyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè ṣi abẹ́rẹ́ gún, kó fà á yọ, kó tún un gún, láìsí ẹni tó máa ké “yéè!” Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀ kó tó kan aláìsàn gidi.

Lọ́dún 1960, Asmund Laerdal, tóun náà ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ní Stavanger, lórílẹ̀-èdè Nọ́wè, gbé Resusci Anne jáde fún kíkọ́ bí a ṣe ń fẹ́ èémí sí ẹnu ẹni tí kò mí mọ́. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà wọ ọ̀rọ̀ náà, tí ọmọlangidi fi ń mí, tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ sì ń lù.

Ṣùgbọ́n ṣé inú akẹ́kọ̀ọ́ dùn sí irú ẹ̀kọ́ yìí? Láàárín 2003 sí 2006, Pamela Jeffries ṣáájú ìwádìí tí National League for Nursing àti iléeṣẹ́ Laerdal jọ ṣe. Ìbéèrè 13 ni wọ́n fi wọn ìtẹ́lọ́rùn àti ìfọkànbalẹ̀: márùn-ún fún ti àkọ́kọ́, mẹ́jọ fún ìkejì. Àwọn tó lo ọmọlangidi oníkọ̀ǹpútà ní ìtẹ́lọ́rùn àti ìfọkànbalẹ̀ ju àwọn tó ka ìtàn aláìsàn nínú ìwé lásán lọ, àmọ́ ìmọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èyí fi hàn pé ọmọlangidi olówó iyebíye nìkan kò tó. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ni kó mọ ohun tó wá kọ́, kí olùkọ́ wà nítòsí láti ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n sì jókòó lẹ́yìn ìdánrawò náà láti jíròrò ohun tó ṣe dáadáa àti ibi tó ti ṣì í.

Lọ́dún 2014, ìwádìí àjọ tó ń rí sí ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà fi hàn pé irú ìdánrawò yìí lè rọ́pò tó ìdajì wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní wọ́ọ̀dù, bí àwọn olùkọ́ bá gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀, tí wọn kò sì fo ìjíròrò náà.