Ọ̀nà Ìwó, Ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Keje 1966. Àlejò ti wọ Ilé Ìjọba ní Agodi. Ó ń rin Nàìjíríà kiri láti agbègbè dé agbègbè, Ìbàdàn ló wá kàn. Ó bá àwọn ọba sọ̀rọ̀. Nígbà tó di alẹ́, onílé fi jíjẹ mímu ṣe é lálejò. Ọ̀pá kékeré kan kì í kúrò lọ́wọ́ àlejò yìí, àwòrán ọ̀nì ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ń sọ nígboro pé ìbọn kì í ran ẹni tó bá mú un dání.

Nǹkan bí aago méjìlá òru. Ìbọn dún ní bárékè Lafẹnwá, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn ṣọ́jà pa ọ̀gá wọn, wọ́n sì pa méjì mìíràn mọ́ ọn. Tẹlifóònù gbé ìròyìn náà dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Aago márùn-ún ìdájí. Ṣọ́jà ti yí Ilé Ìjọba ká. Major Theophilus Danjuma ló kó wọn wá. Àwọn kan lára àwọn tó yẹ kó ṣọ́ ilé náà ti mọ̀ nípa ète láti mú àlejò.

Ilẹ̀ mọ́. Tẹlifóònù ilé náà dún. Yakubu Gowon, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ológun, ló ń pè láti Èkó. Danjuma ló gbé e. Ó sọ ẹni tí wọ́n wá mú. Gowon ní kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn. Danjuma fúnra rẹ̀ ló sọ èyí lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Bí aago mẹ́jọ. Onílé sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní àlejò ni. Ó ní kí wọ́n ṣèlérí pé nǹkan kan ò ní ṣe é. Danjuma ṣèlérí.

Bí aago mẹ́sàn-án. Wọ́n gòkè lọ. Danjuma bi àlejò léèrè àwọn ọ̀gá ṣọ́jà tí wọ́n pa nínú ìdìtẹ̀ gbàjọba Oṣù Kìíní. Ìdáhùn rẹ̀ kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Danjuma já ọ̀rọ̀ náà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n de àlejò, wọ́n de onílé, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ Land Rover.

Ọ̀nà Ìwó. Wọ́n kọjá Olódó, wọ́n wọ ilẹ̀ Lágelú, ilẹ̀ olóko. Ní Lálúpọn, wọ́n yà sínú igbó. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ọ̀dọ́mọdé ọ̀gá ṣọ́jà kan tó ń bá àlejò rìn rí àyè, ó sá. Òun ló wá ròyìn rẹ̀. Ìbọn dún.

1 Oṣù Kẹjọ. Gowon di olórí orílẹ̀-èdè. Ìjọba ní ńṣe ni wọ́n jí àlejò náà gbé. Ó di Oṣù Kìíní 1967 kí ìjọba tó kéde pé ó ti kú.

Major General Johnson Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, ni àlejò. Lieutenant Colonel Adékúnlé Fájúyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ Adó-Èkìtì, ẹni ogójì ọdún, ni onílé. Ọ̀pọ̀ Yorùbá gbà pé ó ní bí wọ́n bá máa mú àlejò òun, kí wọ́n mú òun náà. Danjuma ní irọ́ ni, pé wọ́n ti ń wá Fájúyì náà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìlérí tí Danjuma ní onílé bẹ̀ òun fún láàárọ̀ ọjọ́ náà, ti àlejò ni. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀.