Ìtàn Ọ̀rọ̀-ìṣe Èdè Ítálì àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kọ́ Wa

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń lọ sí ilé-ìwé nílẹ̀ òkèèrè ni ó ń kọ́ èdè mìíràn mọ́ èyí tí wọ́n ń sọ níta: Faransé, Jámánì, tàbí èdè Ítálì. Bí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé, a ó rí ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí a fa ìlà sí bí ìwé ìṣirò. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni yóò wà lókè. Ìrísí rẹ̀ lóríṣiríṣi yóò sì tò lọ sísàlẹ̀ títí ojú ìwé yóò fi kún. Kì í pẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó béèrè pé: "Mọ́mì, kí ló dé tí Yorùbá kò ní irú èyí? Àbí èdè wa kò ní gírámà ni?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Àwọn àgbà mìíràn pàápàá ti gbà nínú ọkàn wọn pé èdè tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kì í yí padà kò jinlẹ̀ tó èyí tí tirẹ̀ ń yí. Nítorí náà ni a ṣe mú ìtàn ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ítálì wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí a lè rí ibi tí gbogbo ìyípadà náà ti wá.

Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe

Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni àwọn olùkọ́ èdè Ítálì pín ọ̀rọ̀-ìṣe sí: àwọn tí ó parí sí *-are*, bíi *cantare* (kọrin), àwọn tí ó parí sí *-ere*, bíi *temere* (bẹ̀rù), àti àwọn tí ó parí sí *-ire*, bíi *partire* (gbéra). Ìparí ọ̀rọ̀ náà ni ó ń sọ ẹni tí ó ṣe é: *canto* ni "mo kọrin", *canti* ni "o kọrin", *cantiamo* ni "a kọrin". Nítorí bẹ́ẹ̀, kò pọn dandan kí ènìyàn tún máa dárúkọ "èmi" tàbí "ìwọ".

Lẹ́yìn èyí ni irú ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀. Méje ni wọ́n kà. Ọ̀kan wà fún ohun tí a mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan fún ohun tí a rò, tí a fẹ́ tàbí tí a bẹ̀rù, ọ̀kan fún ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀, ọ̀kan fún àṣẹ. Mẹ́ta yòókù kò dárúkọ ẹni tí ó ṣe nǹkan. Bí a bá ka àsìkò inú méjèèje pọ̀, 21 ni. Àkọ́kọ́ nìkan ní 8.

Nígbà tí àná àti ọ̀la jọ ara wọn

Inú èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni èdè Ítálì ti jáde. Nínú Látìn, *amavit* ni "ó fẹ́ràn", *amabit* sì ni "yóò fẹ́ràn". Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn kò fi ìyàtọ̀ sí ìró *b* àti *v* láàrin ọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí ó ti kọjá àti ohun tí ń bọ̀ wá di ọ̀kan náà létí ẹni tí ń gbọ́. Ẹni tí ó bá yá ènìyàn lówó yóò mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà láàrin "ó san án" àti "yóò san án"!

Ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn dá ni pé wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí "ní", wọ́n fi tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe: *cantare habeo*. Àwa Yorùbá kò níláti wá ògbufọ̀ fún èyí, nítorí bákan náà ni àwa ń wí pé "mo ní láti kọrin". Ohun tí ènìyàn ní láti ṣe, iwájú ni ó ṣáà wà. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí wọ́n sì sún kì, títí wọ́n fi di *canterò*, "n ó kọrin". *Ò* tí ó wà nídìí rẹ̀ ni *ho*, "mo ní", tí a ti gé kúrú. Ìwé ìtàn kan tí a ń pè ní ti Fredegar, tí a kọ nílẹ̀ àwọn Frank ní nǹkan bí 600 sí 700 ọdún lẹ́yìn ìbí Jésù, sọ pé nígbà tí ọba Páṣíà kọ̀ láti fi ilẹ̀ sílẹ̀, Justinian ọba Róòmù dá a lóhùn pé *Daras*, "ìwọ yóò fi sílẹ̀". Nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni a ti kọ́kọ́ rí àdàlù náà lákọsílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn "ì bá". Látìn kò ní in ní ìrísí tirẹ̀. Àwọn ará Tuscany so "mo ní" ti àtẹ̀yìnwá mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ó di *canterei*, "ǹ bá kọrin". Àwọn mìíràn, títí kan àwọn akéwì Sicily, ń lo *cantaria*. *Ho scritto*, "mo ti kọ", pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ bí "mo ní nǹkan lọ́wọ́ tí a ti kọ". Ẹ ò rí i pé púpọ̀ nínú ìrù tí à ń kọ́ sórí lónìí, ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró ni wọ́n nígbà kan rí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Capua

Ní ọdún 960, ẹjọ́ ilẹ̀ kan dé iwájú adájọ́ ní ìlú Capua. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Rodelgrimo ń bá àwọn mọ́ǹkì Montecassino dù ú. Látìn ni a fi kọ gbogbo ìwé ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta jẹ́rìí pé ó ti tó 30 ọdún tí ilẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn mọ́ǹkì, èdè ẹnu wọn ni akọ̀wé kọ sílẹ̀. *Sao*, "mo mọ̀", ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú. Ẹ̀rí wọn yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìbẹ̀rẹ̀ èdè Ítálì nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó gbé e jáde, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ń gbé nǹkan jáde láàrin tiwa náà.

Fáwẹ̀lì kan, 400 ọdún

Dante Alighieri, tí àwọn ará Florence lé kúrò nílùú ní 1302, tí ó sì kú sí Ravenna ní 1321 láìpadà sílé, ni ó fi èdè ilé rẹ̀ kọ ewì ńlá tí gbogbo ayé mọ̀. Nígbà ayé tirẹ̀, *io amava* ni "mo máa ń fẹ́ràn". Ṣùgbọ́n *amava* kan náà ni "ó máa ń fẹ́ràn". Àwọn ará Florence wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé *io amavo*, kí "èmi" má baà dà bí "òun".

Ní nǹkan bí 1440, Leon Battista Alberti kọ gírámà àkọ́kọ́ tí a mọ̀ fún èdè yìí. Inú ìdálẹ̀ ni a bí òun náà sí, ní Genoa ní 1404, nítorí a ti lé àwọn ẹbí rẹ̀ kúrò ní Florence. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ń jiyàn bóyá èdè tí gbogbo mẹ̀kúnnù ń sọ lè ní òfin bíi Látìn. Alberti to ọ̀rọ̀-ìṣe èdè ilé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ láti fi hàn pé ó ní. *Amavo* tí ó ń gbọ́ lẹ́nu ènìyàn ni ó kọ. Àmọ́ a kò tẹ ìwé náà títí di 1908.

Ẹni tí ohùn rẹ̀ borí ni Pietro Bembo, ará Venice, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1525. Bembo ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé tẹ̀lé Petrarch àti Boccaccio, tí wọ́n ti kú láti nǹkan bí 150 ọdún. Nítorí náà *amava* padà sórí ìtẹ́. Ẹgbẹ́ Crusca, tí ó tẹ ìwé atúmọ̀-èdè ńlá jáde ní 1612, tẹ̀lé ọ̀nà àwọn àgbà kan náà. Fún ìran púpọ̀, bí a ti ń sọ̀rọ̀ kọ́ ni a ń kọ ọ́.

Alessandro Manzoni, ará Milan, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà padà. Ó tẹ ìtàn àròsọ rẹ̀ jáde ní 1827, ó sì lọ sí Florence láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ èdè gan-an. Nígbà tí ó tún ìwé náà tẹ̀ láàrin 1840 sí 1842, ó yí *-ava* sí *-avo* káàkiri. *Amavo* ni àwọn ọmọ ń kọ́ lónìí.

Nígbà tí Ítálì di orílẹ̀-èdè kan ní 1861, Tullio De Mauro ṣírò pé ènìyàn 2.5 péré nínú 100 ni ó lè sọ èdè yìí. Arrigo Castellani, tí ó ka gbogbo ará Tuscany mọ́ ọn, gbé e dé nǹkan bí 10. Èdè ìlú kálukú ni àwọn yòókù ń sọ. Ilé-ìwé, iṣẹ́ ológun àti tẹlifíṣọ̀n ni ó tan èdè náà ká. Láàrin 1960 sí 1968, olùkọ́ Alberto Manzi fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kà.

Tiwa ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. "Lọ" kì í yí padà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: mo lọ, mò ń lọ, mo ti lọ, mo máa ń lọ, n ó lọ, ǹ bá lọ. *Se avessi denaro, andrei* ni ọmọ Ítálì ń wí; "ì bá ṣe pé mo lówó, ǹ bá lọ" ni tiwa. *Vuole che io vada* ni "ó fẹ́ kí n lọ". Ọ̀rọ̀ kéékèèké tí àwọn ará Róòmù fi sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe títí wọ́n fi di ìrù, iwájú ni àwa fi wọ́n sí, wọ́n sì dá dúró. Ẹ tún wò ó: ọ̀rọ̀-ìṣe wa kò yí, ṣùgbọ́n "mo" tí ó ṣáájú rẹ̀ ń yí sí "n", sí "ǹ", sí "mi". Gírámà nìyẹn.

Ajàyí Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí a sì tú sílẹ̀ sí ilẹ̀ Sàró ní 1822, kọ àlàyé gírámà Yorùbá síwájú ìwé ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ní London ní 1843. Òun náà, bíi Alberti, to èdè ilé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí ni ó tètè ń bọ́ lẹ́nu ọmọ tí a tọ́ sókè òkun. Ọmọ náà yóò mọ "jẹ", "lọ" àti "sùn", ṣùgbọ́n kò ní mọ "ǹ bá", kò ní mọ "kí n". Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Bí ọmọ bá gbé ìwé Ítálì rẹ̀ dé lálẹ́, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì jọ wá ẹgbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú Yorùbá. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún.