Ìfági Kì í Ṣe Ẹ̀rọ

Ó ti sú mi bí àwọn tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe ń ki "ẹ̀rọ" bọ gbogbo ohun tí òyìnbó bá ṣe. Irinṣẹ́ tí káfíńtà fi ń fá pákó kó lè dán ni wọ́n tún sọ di "ẹ̀rọ amúgitẹ́jú". Ẹ̀rọ wo? Kò lo iná, kò lo epo; apá ènìyàn ló ń tì í. Ìfági lorúkọ rẹ̀. Fá igi, fági, ìfági: ọmọdé tó bá ti rí abẹ tí wọ́n fi ń fárí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹni tó bá ní pléènì lòun ń pè é, n kò bá a jà, bí èdè wa kò tilẹ̀ fẹ́ràn kí kọ́ńsónáǹtì méjì so mọ́ra.

Owó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ó tó di 1910 ni ojú irin rélùweè ti gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ìlọrin, ọjà òkèèrè sì ń bá a wọlé. Lónìí, ẹni tó bá ṣí àpótí irinṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ káfíńtà fi sílẹ̀ ní Ìnísà lè bá ìfági onírin tí wọ́n rọ ní Sheffield tàbí ní Amẹ́ríkà nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ ni àwọn aṣàjọ, ìyẹn àwọn tó ń ṣa irinṣẹ́ àtijọ́ jọ, ń wá kiri lókè òkun.

Aṣàjọ ni mo wí o, n kò wí pé akójọ. Kó àti ṣà kì í ṣe ọ̀kan náà. A ń kó ẹrù, a ń kó pàǹtí, olè pàápàá ń kólé. Ṣùgbọ́n ojú ni ẹni tó ń ṣà fi ń ṣiṣẹ́: á mú èyí, á fi tọ̀hún sílẹ̀. Láti ara ṣà náà ni a ti rí àṣàyàn. Ẹni tó fi ìfági àádọ́ta sílẹ̀ kó tó mú ẹyọ kan, ẹ má fi orúkọ alákòójọ pàǹtí pè é.

Ọ̀rọ̀ bí ìdíyelé kò ní wàhálà. Abẹ ìfági, ẹnu rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo wọn dára bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìjà wà rèé. Ní 1869 ni ilé iṣẹ́ Stanley ní New Britain, ní Amẹ́ríkà, ra ẹ̀tọ́ ìfági onírin tí Leonard Bailey hùmọ̀. Irin kan wà nínú rẹ̀ tí abẹ ń fẹ̀yìn tì ní ìwọ̀n dígírì 45. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ irin náà ní ọ̀pọ̀lọ́. Ṣé àwa náà yóò máa pè é ní ọ̀pọ̀lọ́ ni? Kò fò, kò ké, kò jọ ọ́. "Ìjókòó abẹ" kò tọ̀nà, nítorí abẹ náà kò jókòó. "Ìfẹ̀yìntì" ìbá bá a mu gan-an, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti gbà á: ẹni tó bá gbọ́ ọ, owó ìfẹ̀yìntì ni yóò rántí. Ìrọ̀gbọ̀kú ni mo yàn. Bí bàbá ṣe ń rọ̀gbọ̀kú sórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí kò sùn, tí kò sì nàró, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni abẹ náà ṣe wà. Ìrọ̀gbọ̀kú abẹ: ọ̀rọ̀ náà tìkára rẹ̀ ti sọ bí irin náà ṣe dagun fún ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́.

Ìjà kejì ni "wọ́n" àti "ṣọ̀wọ́n". Lẹ́nu wa, ohun tó wọ́n lówó àti ohun tí kò pọ̀ ń jẹ orúkọ kan náà, èyí sì ń da àwọn tó ń díyelé láàmú. Ẹ jẹ́ kí a pín wọn: ṣọ̀wọ́n fún àìpọ̀, wọ́n fún iye owó. Ìfági tí káfíńtà kan fi igi apá ṣe fúnra rẹ̀ ní Òkukù ṣọ̀wọ́n, kò sí èkejì rẹ̀ láyé, síbẹ̀ ó lè má wọ́n. Stanley nọ́ńbà 4 àti 5 kò ṣọ̀wọ́n rárá. Nọ́ńbà 1, tí kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, ṣọ̀wọ́n, ó sì tún wọ́n.

Òǹtẹ̀ ló sábà ń mú ohun tó ṣọ̀wọ́n di ohun tó wọ́n. Ẹ má pè é ní àmì, nítorí ìṣó tó ha pákó náà ń fi àmì sílẹ̀. Tẹ̀ ni wọ́n tẹ òǹtẹ̀, ẹnìkan ló sì mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́. Cesar Chelor, ẹrú aláwọ̀ dúdú ní Wrentham, ní Massachusetts, kọ́ṣẹ́ ìfági lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Francis Nicholson. Nígbà tí ọ̀gá náà kú ní 1753, ìwé ìhágún rẹ̀ sọ Chelor di òmìnira. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ mọ́ ìfági títí ó fi kú ní 1784. Òǹtẹ̀ yẹn wà lára àwọn tí àwọn aṣàjọ ń dunnú sí gan-an báyìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ káfíńtà Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ẹ má fi sáńpépà ha ìfági bàbá yín. Ẹ fi aṣọ àti epo díẹ̀ nù ún, kí ẹ wo ara abẹ àti ẹ̀yìn ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọjọ́ ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ mẹ́ta níbẹ̀, méjì nínú ọdún 1902 àti ọ̀kan nínú 1910, Stanley tí wọ́n ṣe láàárín 1910 sí 1918 ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀ tán kí ẹ tó gba iye tí ẹnikẹ́ni bá dá lé e.