Nígbà Tí Ògúndé Gbé Ìtàgé Wọ Sinimá

Glei wà lójú ọ̀nà ńlá tó ti Lomé lọ sí Atakpamé ní Tógò, ní agbègbè àwọn Ifẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Àná, àwọn tí ìtàn wọn tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré tó bá fẹ́ gbé eré láti etíkun dé Atakpamé, ọ̀nà yìí ni ọkọ̀ wọn yóò tọ̀. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, kọ́ńsáàtì tó ti Gánà wọlé ló gbòde ní gúúsù Tógò: orin háíláìfù, ẹ̀fẹ̀, àti ìjà tọkọtaya, lédè Ewé, títí òru á fi jìn. Ẹgbẹ́ Happy Star ti Lomé lókìkí nínú wọn. Wọn kì í kọ eré sílẹ̀. Orí òṣèré ló wà.

Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ ojú ọ̀nà náà ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèré Yorùbá ń ṣe, ṣùgbọ́n tiwọn bọ́ sínú sinimá.

Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ló ṣíwájú. Ọlọ́pàá ni nígbà tó gbé eré Bíbélì tó ṣe fún ìjọ kan sórí ìtàgé ní gbọ̀ngàn Glover, Èkó, ní oṣù kẹfà ọdún 1944. Lẹ́yìn èyí ló sọ eré di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí eré “Yorùbá Ronú”. Ìjọba ológun ló gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 1966.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rí kámẹ́rà o. Tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ n’Ìbàdàn láti 1959, ibẹ̀ sì ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti di ẹni mímọ̀ nílé onílé. Ìwé ìròyìn Atọ́ka tilẹ̀ ń ya eré orí ìtàgé ní fọ́tò, tí ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré á wà lẹ́bàá àwòrán wọn. Ní 1970, wọ́n fi eré Wọlé Ṣóyínká, “Kongi’s Harvest”, ṣe fíìmù. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló ṣe Kongi, àmọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìgbà tí Ọlá Balógun ṣe “Àjàní Ògún” pẹ̀lú Adé Fọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ni èdè Yorùbá tó dá dúró nínú fíìmù gígùn.

Ní 1979 ni “Aiyé” dé. Orí ìtàgé ni Ògúndé ti ń ṣe é láti 1972: ìtàn Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó kojú àwọn àjẹ́. Ọlá Balógun ló darí fíìmù náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó á rí ọwọ́ onítàgé níbi gbogbo. Orin kì í jìnnà. Àwọn àjẹ́ ń jó bí ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀rọ̀ sì ń jáde kíkankíkan bí ẹni tó fẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́. Àwọn kan ka èyí sí àbùkù. Àbùkù kọ́: ibi tí fíìmù náà ti dùn jù lọ nìyẹn. Ohun tí ìtàgé kò lè ṣe ni kámẹ́rà fi kún un, pàápàá idán. “Jáiyésinmi” tẹ̀lé e ní 1980.

Sinimá ìgbà náà wà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó fẹ́ràn fíìmù Íńdíà àti ti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, olórí ẹgbẹ́ a máa gbé fíìmù rẹ̀ kiri fúnra rẹ̀, bó ti ń gbé eré kiri tẹ́lẹ̀. Yóò háyà gbọ̀ngàn, yóò gbé jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìṣàfihàn dání, àwọn tirẹ̀ á sì jókòó ti tíkẹ́ẹ̀tì kí owó má bàa gba ẹ̀yìn lọ. Àwọn òǹwòran náà kò yí padà: wọ́n ń kìlọ̀ fún ẹni rere, wọ́n ń ṣépè fún ìkà, bí ẹni pé àwọn tó wà lára aṣọ funfun lè gbọ́ wọn.

Àwọn òyìnbó gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1964, wọ́n gbé kámẹ́rà wọ ilé ìtàgé ní New York níbi tí Richard Burton ti ń ṣe “Hamlet”, wọ́n sì fi í hàn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún sinimá fún ọjọ́ méjì péré. National Theatre ti Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú “Phèdre”, lásìkò tí eré gan-an ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n fi kámẹ́rà ṣọ́ ìtàgé. Ògúndé ní tirẹ̀ kó ìtàgé jáde lọ sínú igbó.

Fídíò ló da sinimá àwọn onítàgé Yorùbá rú. Bàbá Sàlá yáwó ṣe “Ọ̀run Móoru” ní 1982, àwọn olè sì dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri kí ẹni tó ni ín tó jẹ èrè. Kó tó di òpin àwọn ọdún 1980, àwọn òṣèré fúnra wọn ti ń fi fídíò yàwòrán, nítorí pé ó dínwó púpọ̀.

Ní ti àwọn ará Lomé, àwọn olùwádìí tó gba ohùn wọn sílẹ̀ ló jẹ́ kí eré Happy Star bíi “Mister Tameklor” di ìwé tí a lè kà lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Glei àti Atakpamé tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, bí àwọn àgbà bá ń ṣeré lédè Ifẹ̀ lágbàlá, ẹ yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi méjì.